Alàgbà Dáníẹ́lì Ládélé, Ẹni Tó Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Wo Ewé

Sí Ìyáàfin Stella Ládélé, àwọn ọmọ àti gbogbo ẹbí Ládélé ní Mòwé,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni àwa Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Ìmọ̀ Ewéko ní agbègbè Ifọ̀, Ìbàfò àti Mòwé fi ń kọ̀wé yìí sí yín lórí ìpapòdà ọkọ yín, bàbá yín, àgbà tiwa náà. Ìpàdé ọjọ́ Sátidé la wà tí ìròyìn náà dé. Kò sí ẹni tó lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn tó kọ́ báyọ́lọ́jì lọ́dọ̀ Alàgbà nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Mòwé kò jẹ́ gbàgbé bí Alàgbà ṣe máa ń fi bíléèdì gbẹ́ pẹ́ńsù. Wọ́n á já ewé jọ sórí tábìlì, wọ́n á máa wò wọ́n títí tí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ya ewé kan ṣoṣo, tí kòkòrò kò jẹ, tí oòrùn kò pa. Bí a bá béèrè ìdí, wọ́n á ní, “Kòkòrò jẹ ewé kan ni, kò jẹ irú ewé náà. Irú rẹ̀ ni mò ń yà.”

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìwé ewéko fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ agbègbè wa, Ọ̀gbẹ́ni Muqtadir, tó kéré jù nínú wa, dìde. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà yà á. Kámẹ́rà kì í yan èyí tó wù ú.” Alàgbà kọ̀ jálẹ̀, a sì gbè sẹ́yìn wọn. Àwòrán ọwọ́ wọn ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan mú àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ tó wà nínú ìwé náà lọ sí oko Alhaja Fàsílátù, àgbẹ̀ kan ní Ìbògùn. Ewé ti Alhaja tẹ́ẹ́rẹ́, kò jọ ti ìwé, ni wọ́n bá ní àrùn ti wọ oko. Alhaja gba ìwé gbọ́, ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fa ẹ̀gẹ́ náà tu. Jésùlayọ̀mi ọmọ yín, tó ń kàwé ní Ìbògùn, ló pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

Nígbà tí Alàgbà débẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti tu ìdajì oko. Alàgbà kúnlẹ̀ lẹ́bàá ebè, wọ́n yẹ ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ dá wọn dúró, Alhaja. Ẹ̀gẹ́ yín ò ṣàìsàn. Irú mìíràn ni.”

“Ṣé ìwé ló wá purọ́ ni, Bàbá?”

“Kò purọ́. Ewé kan ṣoṣo ló mọ̀.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alàgbà fúnra wọn ló ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún wa, wọ́n sì fa iṣẹ́ lé Muqtadir lọ́wọ́ kó fi kámẹ́rà ya àwọn ewé náà.

Fọ́tò náà ní àléébù tirẹ̀. Òjìji ẹ̀ka igi bọ́ sórí ewé kan, olùkọ́ kan ní Òkè-Àró sì fi òjìji náà kọ́ àwọn ọmọ bí àmì àrùn. Muqtadir sorí kodò. Alàgbà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fa àga mọ́ra, wọ́n sì sọ ìtàn tí a kò lè gbàgbé fún wa.

Wọ́n ní àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ bẹ̀rù pé àbùkù ewé kan lè bo òtítọ́ mọ́lẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ya èyí tó pé. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn bẹ̀rù ọwọ́ ara wọn, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹ̀rọ ayàwòrán, kí ìfẹ́ inú ẹni má baà wọ inú rẹ̀. Àwọn tó tún dé lẹ́yìn rí i pé ẹ̀rọ kò lè ṣàlàyé ohun tó rí, ni wọ́n bá jọ ń kọ́ ojú wọn bí a ṣe ń wo ewé. “Ẹ̀rù wọn yàtọ̀, òtítọ́ kan náà ni wọ́n ń wá. Àwa náà ti gba gbogbo ọ̀nà yẹn kọjá nínú yàrá yìí.”

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń to àwòrán ọwọ́ àti fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tòun ti èyí tí kòkòrò jẹ. Ẹni mẹ́ta á wo ewé, kálukú á sọ tirẹ̀ kó tó gbọ́ ti ẹnì kejì, orúkọ wọn á sì wà nísàlẹ̀ ojú ewé. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa lónìí. Alhaja Fàsílátù gan-an ló fún wa ní igi ẹ̀gẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ náà láti gbìn sí oko ilé ẹ̀kọ́.

Àárò wọn ń sọ wá. Àárò ẹ̀rín jẹ́jẹ́ wọn, àárò “ẹ tún un wò” tí wọ́n máa ń sọ nígbà tí ó ti rẹ gbogbo wa.

Mọ̀lẹ́bí wa, a ò ní fi yín sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yóò dúró ti Jésùlayọ̀mi títí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Muqtadir ti gbà láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní Sátidé, ó sì ní àwòrán ọwọ́ lòun máa kọ́kọ́ fi kọ́ wọn.

Kí Ọlọ́run tó mọ bí ilé ṣe dákẹ́ tó fún Màmá wá bá yín gbé inú rẹ̀. Kó fi ọwọ́ ara Rẹ̀ nu omijé yín, kó má sì jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ara yín. Àmín.

Ọ̀ṣunníkẹ́ Adébánjí
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́