Gíríìpù Tí Mi Ò Fẹ́ Tú

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Pádù bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fò kọjá nẹ́ẹ̀tì, ó balẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn tá à ń bá gbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Toyyibah ò rẹ́rìn-ín. Láti ọdún tó kọjá lèmi àti òun ti jọ ń gbá pikubọ́ọ̀lù ní oníméjì, eré bọ́ọ̀lù oníke tí wọ́n ń fi pádù pẹlẹbẹ gbá. Ẹnu-Abẹ ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Ó kàn ní, "Gíríìpù yẹn ti kú o. Sin ín."
Mo ní òógùn ni, kì í ṣe awọ tí wọ́n wé mọ́ ọwọ́ pádù.
Sátidé tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ọjọ́ kejìdínlógún, ni wọ́n máa mú àwọn tó máa lọ gbá l'Abẹ́òkúta. Ẹni méjì péré láti Mowe.

Ìṣẹ́gun, 7
Mo fi atíkè pa ọwọ́. Kò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 9
Muqtadir, kóòṣì tuntun, gba pádù mi láìtọrọ. Ó yí i, ó gbóòórùn ẹ̀. "Ó ń dán bí ìdí ṣòkòtò awakọ̀." Ó ní tó bá ti ń dán, tó le gbagidi, tí etí ẹ̀ ń ṣí, téèyàn wá ń fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àsìkò ti tó. Ó ní ọjọ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó ti pẹ́ jù.
Mo bi í bóyá bàbá ẹ̀ ló fún mi ní pádù.
Kóòṣì Adéyanjú, kóòṣì wa tẹ́lẹ̀, ló wé gíríìpù yẹn, lọ́jọ́ tó fún mi ní pádù. Nígbà tí wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo wọn ń kí ti tuntun bí ẹni pé ẹnì kankan ò sí níbẹ̀ rí. Èmi kọ́. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé ọwọ́ Kóòṣì ló wé tèmi, mi ò ní tú u. Ilé-ìwé abúlé ni mo lọ, lẹ́yìn Ibogun. Níbẹ̀, a kì í pa iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́ rẹ́.

Jímọ̀, 10
Apá ọ̀tún ń dùn mí dé ìgúnpá. Mi ò lè gbé ṣọ́bìrì níbi iṣẹ́. Mò ń fún pádù jù — kó má bàa bọ́.

Sátidé, 11
Ó bọ́. Ó gba Ẹnu-Abẹ létè. Ẹ̀jẹ̀.
Kò bú mi. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó fi omi fọ ẹnu, ó mú gíríìpù tuntun jáde nínú báàgì ẹ̀, ó ṣì wà nínú ọ̀rá, ó nà án sí mi. Mo ní mi ò fẹ́. Mo ní aláìmoore ló ń tú iṣẹ́ ọ̀gá ẹ̀ dànù.
Ó dá gíríìpù náà padà sínú báàgì. "Ọ̀gá, ọ̀gá ṣáá. Ó dáa."
Ó lọ.

Ìṣẹ́gun, 14
Mùízz, ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń gbá, ni Ẹnu-Abẹ máa bá gbá báyìí. Muqtadir ló sọ fún mi. 

Ọjọ́bọ̀, 16
Mo lọ bá Kóòṣì Adéyanjú l'Àgbàdo. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo gbé pádù lé e lọ́wọ́ kí inú ẹ̀ lè dùn. Ó wò ó bí ẹni rí ẹja tó ti rà. "Kí lo ń fi èyí ṣe? Ṣé mi ò sọ fún yín pé oṣù mẹ́ta, mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ gíríìpù?"
Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ wé e, sà."
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Èmi! Èmi tí mi ò lè bá ìyàwó mi wé gèlè? Toyyibah ló bá mi wé gbogbo pádù yín nígbà yẹn. O ò mọ̀ ni?"
Mi ò mọ̀.
Gbogbo ìgbà tí mò ń fi í yangàn lójú Ẹnu-Abẹ, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni. Pádù yẹn náà ni mo tún fi là á létè.

Jímọ̀, 17
Mi ò lọ síbì kankan.

Sátidé, 18
Ẹnu-Abẹ àti Mùízz ni wọ́n mú. Mo dúró létí ọgbà, mo pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà mo lọ bá a. Ètè ẹ̀ ti jinná, àpá wà níbẹ̀.
Mo ní, "Ìwọ lo wé e. Kí ló dé tó ò sọ?"
"O ti fi ṣògo yí gbogbo Mowe ká. Kí n wá dójú tì ẹ́?"
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi wé tuntun.
"Ṣé ìwọ ò lọ́wọ́ ni? Jókòó. Tú u."
Mo tú u. Ó ń já wẹ́wẹ́, ó ń rùn. Ó na gíríìpù tuntun ọjọ́sí sí mi, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń wò mí. "Fà á. Kì í ṣe ọrùn adìẹ, má fún un pa." Mo wé e, ó wọ́. Ó ní kí n tú u. Mo tún un wé. Ó tún ní kí n tú u.
Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mò ń wé lọ́wọ́ tí Mùízz fi pè é pé káwọn lọ gbá. Ẹnu-Abẹ gbọn eruku ìdí ẹ̀ nù, ó lọ. Kò wo ti ẹ̀ẹ̀kẹta.