Wọ́n Ní Bàbá Ń Sinmi

Bìmíńgámù,
Oṣù Kọkànlá, 1971.

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ará ilé ní Èrúwà. Ara mi le, òtútù ibí ò sì fi bẹ́ẹ̀ mú mi mọ́. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mò ń kọ́ lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá aláìsàn mí. Mo ń gbádùn iṣẹ́ náà.

Gbénró, ọmọ tíṣà ará Lanlate, ti dé láyọ̀. Ó gbé ẹ̀gúsí tí ẹ fi rán an fún mi. Mo bi í pé, "Bàbá mi ńkọ́?" Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò tó fi dá mi lóhùn pé, "Wọ́n ń sinmi." Mo ní, "Ṣé o fojú rí wọn?" Ó ní ọkọ̀ Ìbàdàn ti fẹ́ gbéra nígbà yẹn.

Màámi, "Wọ́n ń sinmi" yẹn gan-an ni wọ́n kọ́ wa láti sọ fún ẹbí aláìsàn, bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá agbára dókítà. Èmi náà sọ ọ́ fún ìyàwó ọkùnrin kan ní Ọjọ́rú, mo sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bóyá iṣẹ́ yìí ló ń mú mi fura, ẹ má bínú. Ìdánwò mi ti sún mọ́lé, mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ kí ohunkóhun dà mí láàmú. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Fọlábí àtàwọn ọmọ. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ohun tí wọ́n bá fi dáhùn, ẹ sọ ọ́ fún mi bí wọ́n ṣe wí i gẹ́lẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Yẹ́misí