Iná Ilé Wa Tó Ń Kírun

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1978.

Mùlíkátù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà Èkó, mo kí Ọlálẹ́yẹ ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kí ó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀, kí ó má sì bá yín nídìí ẹjọ́. Àmín. Ara mi le, àfi orúnkún tí o ti mọ̀. Ara ìyá rẹ náà le, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ránṣẹ́ sí ọ láti Ìgèdè nígbà tó wà lọ́hùn-ún, pé mo lé òun kúrò nílé nítorí iná mànàmáná. N kò lé e. Iná ló ń kírun, òun ló bínú.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. O rántí fíríìjì tí o rà fún un kí ó lè máa ta mínírà tútù àti yìnyín. Àwọn tó gbé e wá ló fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí ìsàlẹ̀ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tí mo ń jókòó lé ṣe àlùwàlá, òkúta tí baba mi fúnra rẹ̀ jókòó lé kí n tó dáyé. Wọ́n sì kan súíṣì dúdú kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ilé ni, pé bó bá ti dorí kodò, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yóò dákẹ́, kí a kàn gbé e dìde padà. Mo ní ó dáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo ṣe àlùwàlá Àsùbá tán, mo gbọn ọwọ́ mi sí ara ògiri bí baba mi ti máa ń ṣe, mo da ìyókù omi inú bùtá sí ìdí ògiri náà, ni mo bá gbọ́ kàá. Súíṣì dúdú ti forí kanlẹ̀. Mo gbé e dìde. Nígbà tí Àyìlà tó, mo tún ṣe àlùwàlá, ó tún forí kanlẹ̀. Àlàásárì, bẹ́ẹ̀ náà. Màgàríbì, bẹ́ẹ̀ náà. Mùlíkátù, ta ló kọ́ iná ní àkókò ìrun? Kò ní aago lọ́wọ́, kò lọ ilé kéú. Àwọn ọmọ àdúgbò tí a bí sínú ẹ̀sìn, igi la fi ń lé wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí.

N kò fẹ́ kánjú gbà á, nítorí náà mo wò ó dáadáa. Nígbà tí mo lọ síbi òkú àna wa, wọ́n ní kò forí kanlẹ̀ rárá títí mo fi dé. Kò burú, ta ni ìbá tẹ̀lé, nígbà tí kò sí ẹni tó máa ṣíwájú rẹ̀? Ní Jímọ̀ tí mo wẹ̀ lórí òkúta náà, mo gbé e dìde títí, ó kọ̀, àfi ìgbà tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé. Òun náà lọ Jímọ̀ nìyẹn. Mo pe Lèmọ́mù wá wò ó. Lèmọ́mù wò ó, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n tán, ó wá ní kí ìyá rẹ fún òun ní mínírà tútù kan. Gbígbóná ni wọ́n bá nínú fíríìjì.

Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ní yìnyín òun ti di omi, àwọn oníbàárà òun sì ti ń kọjá sọ́dọ̀ Olúfúnkẹ́ tó wà ní òdìkejì títì. Mo sọ fún un pé láádá ńlá ni kí èèyàn ní iná tó mọ Ọlọ́run. Ó ní òun ò rí láádá kan nínú mínírà gbígbóná. Ó di gèlè rẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìgèdè, ó ní bí iná náà bá dúró láti Jímọ̀ kan dé ìkejì láìṣubú, kí n ránṣẹ́ sí òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n fẹ́ iná níyàwó.

Ọmọ mi, ilé náà kò dùn. Gààrí ni mò ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo bá ara mi tí mo ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ mi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ìyá rẹ, n kò sọ fún un rí, o kò gbọdọ̀ sọ fún un pé mo kọ ọ́ síbí.

Mo bá lọ pe Adébáyọ̀, oníṣẹ́ iná tó wà nítòsí Ọjà Ọba. Ó yọ fíríìjì, ó wò, kò sí nǹkan. Ó fi fíríìjì padà, ó yọ rédíò, kò sí nǹkan. Ó yá áyọ́ọ̀nù Olúfúnkẹ́, ó fi í sí i, súíṣì dúró gbọn-in. Ó ní kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Mo ní kí ó fara balẹ̀, Àlàásárì kù díẹ̀. Bí mo ti ṣe àlùwàlá tán tí mo gbọn ọwọ́ báyìí, kàá. Adébáyọ̀ fò sókè. Ó pa iná láti ìdí mítà, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, omi sì ń kán níbẹ̀ tó, tó, tó. Ó ní, Bàbá, omi yín ló ń wọ ibẹ̀. Mo bi í pé omi tó ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ dànù, ṣé ó lè ba nǹkan jẹ́? Ọmọ ìjọ ni, mo dárí jì í. Ó ní láti òní lọ kí n máa ṣe àlùwàlá mi ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ.

Mo ṣe é níbẹ̀, iná kò sì forí kanlẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo ro ti ìyá rẹ, ó sì yé mi: bí iná bá rí mi lórí òkúta ló máa ń mọ̀ pé àkókò ìrun tó. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí fara pamọ́ fún un. Mo ń ki bùtá bọ abẹ́ agbádá, mo ń yọ́ ẹsẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń sọ fún un pé ilé ìgbẹ́ ni mò ń lọ. Irọ́ ni, mo sì ń tọrọ àforíjì lórí rẹ̀.

Láti Jímọ̀ dé Jímọ̀, kò ṣubú. Mo ránṣẹ́, ìyá rẹ sì dé. Fíríìjì ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn kí ó tó kí mi. Ó bu omi tútù fún mi, ó gbé odó, ó gún iyán. Inú mi dùn débi pé mo jẹ ẹ́ tán kí n tó rántí pé kò tíì fi ẹran sí i.

Ní ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú gidigidi. Mo wà lábẹ́ ìbẹ́pẹ pẹ̀lú agolo omi, nítorí n kò rí bùtá mi, ni mo bá gbọ́ kàá nínú ilé. Mo sáré wọlé. Ìyá rẹ, ẹni tí èmi ń jí tipátipá fún Àsùbá láti ìgbà tí a ti já ọ lẹ́nu ọmú, ló jókòó lórí òkúta tó fi bùtá mi ṣe àlùwàlá, nítorí òtútù kò jẹ́ kí ó jáde. Omi ọwọ́ rẹ̀ ń ṣàn lára ògiri. Iná ti tẹ̀lé e kírun. Mo sunkún, Mùlíkátù. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wò mí, ó ní, àbí omi yìí náà ni? Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí kò fi lè dìde. Ayọ̀ ìgbàgbọ́ ni, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún Adébáyọ̀, Olúfúnkẹ́ kò sì gbọdọ̀ gbọ́. Ó nu ògiri gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ló sì yí òkúta baba mi títí dé abẹ́ ìbẹ́pẹ. Àwa méjèèjì la jọ ń fara pamọ́ níbẹ̀ báyìí.

Nítorí náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra bùtá kejì, torí ìyá rẹ ló ń kọ́kọ́ lo tèmi, èmi a sì máa gbọ̀n nínú ọyẹ́. Fi ti ìbọ̀sẹ̀ kún un. Fi ti àkùkọ kan kún un pẹ̀lú, kí Lèmọ́mù bá wa ṣe sàráà fún iná, nítorí àwa ni a ò jẹ́ kí ó kírun mọ́. Mo fi usu ránṣẹ́ sí ọ lọ́wọ́ Sùnmọ́nù dẹ́rẹ́bà, èyí tí ẹ̀yin ará Èkó ń pè ní isu.

Ohun tí o bá gbé dúró kò ní ṣubú. Ilé rẹ kò ní ṣókùnkùn. Ẹni tó bá bínú kúrò lọ́dọ̀ rẹ yóò padà wá gún iyán fún ọ. Àmín.

Èmi ni baba rẹ,
Bàdírù Télọ̀.

Jọ̀wọ́, bí o bá ń ka lẹ́tà yìí sókè fún ọkọ rẹ, ẹ jìnnà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. N kò fẹ́ kí iná yín gbọ́, kí ó lọ sọ fún tiwa ibi tí a ń sá pamọ́ sí.