Ọ̀rá Ìyá Fèyí

Ọjọ́bọ̀, Bọ́lọ́rundúró

Òjò ká mi mọ́ Oǹdó lónìí, bẹ́ẹ̀ kòkó mi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ wà níta.

Mo délé, mo bá a lábẹ́ ọ̀rá Ìyá Fèyí, aládùúgbò tí mi ò kí mọ́ látìgbà tá a ti jà nítorí ààlà oko. Ọ̀rá kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Kòkó tirẹ̀ rin gbingbin.

Mo bi í pé kí ló dé.

"Bàbá Ṣeun, tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo fi bò ó, ó ṣì tutù. Tiyín ni òjò ì bá bà jẹ́."

Onígbàgbọ́ ni, àmọ́ kò dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ rárá.

Àwọn tó ń fi gbohùngbohùn wàásù ní ìdájí, ìrọ̀rí ni mo fi ń di etí sí wọn. Ìwàásù obìnrin yìí ti wọlé kí n tó wá ìrọ̀rí.