Èmi àti Àwọn Eku Rẹ La Jọ Ń Gbààwẹ̀

Abúlé Odò-Àpáta,
Lọ́nà Ìkẹ́rẹ́.
Oṣù kẹjọ, 1991.

Àkànjí ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Tinúọlá ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ilé tí ẹ háyà ní Ìba ńkọ́, ṣé àgbàrá kò wọlé mọ́? Olúwa tó mú ọ gun òkè ìwé kò ní jẹ́ kí o já bọ́. Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, ara mi ni kò le. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò fúnra mi, tí n kò ní kí tíṣà bá mi kọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àjèjì.

Kòkó kò so tó ti èṣí. Atẹ́gùn ti ká páànù ṣọ́ọ̀ṣì wa, ewúrẹ́ àbúrò bàbá rẹ sì jẹ gbogbo ewé ẹ̀gẹ́ mi, wọ́n ní kí n fi orí jì í torí pé ó lóyún.

Ṣé o rántí èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí o ní kí n máa fi ránṣẹ́? Àìpọ́n ni mò ń gé e, mò ń sá a, mò ń gbàdúrà sí i kí n tó gbé e fún dẹ́rẹ́bà, torí mo rò pé ìwọ àti àwọn ọmọ lẹ ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo wá kí yín lọ́dún Àjíǹde, Tinúọlá mú mi dé ibi iṣẹ́ rẹ ní Ọ̀jọ́, mo sì rí àwọn eku funfun nínú àgò, fáànù ń fẹ́ wọn, wọ́n ń jẹ èlùbọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ń dúró nínú oòrùn ní Okokomáíkò, wọn kò rí ọkọ̀ wọ̀. Ìyàwó rẹ ní oògùn egbò inú lẹ fi wọ́n ń wá.

Ìwọ náà jáde sí wa, o ní ásíìdì kan wà nínú ikùn ẹ̀dá tó ń lọ oúnjẹ, pé òun náà ló ń jẹ egbò níwájú sí i. Èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò nìkan ni mo mọ̀. Mo bi ọ́ pé ta ló dà á sí wa nínú, o ní Ọlọ́run ni. Mo ti rí bó ṣe lu ṣòkòtò dẹ́rẹ́bà jára, mo wá mọ ohun tó ń ta mí lóru. Láti ìgbà náà n kò fi ṣíbí onírin kan ẹnu mọ́, kí ásíìdì má baà rí irin jẹ, ọwọ́ ni mo fi ń jẹun.

O tún ní ẹ máa ń fi oúnjẹ du àwọn eku náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ásíìdì lè ráyè jà. Inú mi dùn gan-an. Mo ní àṣé èmi nìkan kọ́ ni mò ń gbààwẹ̀ Ọjọ́rú àti Ẹtì kí wọ́n lè fi ọ́ jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo dé ilé, mo jẹ́rìí ẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ aládùúrà pé àwọn eku Ọ̀jọ́ pàápàá ń gbààwẹ̀ fún Àkànjí. Wọ́n hó halelúyà. Ìyá Oyèkànmí ló wá bi mí pé kí ni wọ́n fi ń ṣínu. Mo ní oògùn ni. Ó ní kí lèmi fi ń ṣínu, mo bá dá orin sílẹ̀.

Ọmọ mi, mo bì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tí mo bì dúdú bí èédú tí a pò mọ́ omi. Nọ́ọ̀sì ní egbò inú ni, ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀, kí n má gbààwẹ̀ mọ́, kí n tètè lọ sí ọsibítù ńlá. Ó bi mí bóyá mo ní ẹbí kankan tó mọ̀ nípa àìsàn yìí. Mo ní rárá. Ojú ló tì mí. Mo sọ fún ọ lọ́dún Àjíǹde pé inú ń ta mí, o ní kí n máa mu mílíìkì, kí n má ronú, o sì yí padà sí àwọn eku rẹ. Ó dùn mí títí di òní.

Nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, o ní àwọn òyìnbó kan ti ń sọ pé kòkòrò ló ń fa egbò náà, pé kì í ṣe ìrònú. Mo dúpẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀sùn ẹ̀ kàn ọ́ nínú ọkàn mi, pé ríronú nípa rẹ ló fà á.

N kò tíì dá ààwẹ̀ náà dúró, torí pé wọn kò tíì fún ọ ní oyè náà, n kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyá rẹ ló ṣíwọ́.

Owó tí mo fẹ́ kò ju owó ọkọ̀ dé Ọ̀jọ́ lọ. Màá gbé ẹní mi àti èlùbọ́ mi dání. Ẹ bá mi wá àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn eku, bí wọ́n bá ń ṣínu, kí ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣínu. Mo gbọ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ ẹ máa ń la inú wọn, kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù. Kí o ṣáà wò mí.

Ọlọ́run á dá ọ sí, wàá dàgbà, wàá gbó. Bí ara rẹ kò bá sì gbé kánkán mọ́, àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú àwọn eku rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdùkẹ́.