Ẹranko Tí Ọ̀dà Rẹ̀ Kò Tó

Rohayu ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Kuala Lumpur níbẹ̀. Ṣé ò ń jẹun, ṣé ilé tuntun náà tura? Ara wa le, àfi ìyá rẹ tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìjẹta, ohun tí mo sì tìtorí ẹ̀ kọ̀wé nìyẹn.

Àwòrán tí o ní ká bá ọ tọ́jú, èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé, a gbé e kọ́ sára ògiri. Igbó yẹn dáa, odò yẹn dà bíi kéèyàn bù ú mu. Ṣùgbọ́n ẹranko yẹn bà mí lọ́kàn jẹ́. Orí dúdú, ẹsẹ̀ dúdú, imú gígùn, gbogbo àárín ẹ̀ wá funfun báláú! Mo ní háà, ọ̀dà ti tán lọ́wọ́ ọmọ mi, ojú sì ń tì í láti béèrè òmíràn. Ìyá rẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo ní ṣé káwọn ọmọ ilé-ìwé máa fọmọ wa ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ni mo bá fún omi dúdú inú àwọn ẹja ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ tí mo pa lókun sínú àwo, mo fi ìyẹ́ adìẹ kùn ún látorí dé ìdí.

Àfi bí Pok Deraman tó ti gégi nínú igbó fún ogún ọdún ṣe wọlé, tó ní Jusoh, ta ló gbé ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ilé Mùsùlùmí? Mo ní kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀, tenuk ni, ọmọ mi kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní tenuk, ẹranko igbó wa yìí, funfun lágbedeméjì ni Ọlọ́hun dá a.

Ìyá rẹ figbe ta. Mo sáré fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Dúdú náà kò kúrò, odò ló kúrò. Mo sá a sóòrùn, ológbò gbóòórùn ẹja, ó lá imú ẹranko náà tán. Ìyá rẹ ń sunkún pé oṣù mẹ́ta lo fi yà á. Ọmọ mi, ó dùn mí, dárí jì mí. Mo ti pa orúkọ tenuk rẹ́, mo kọ Ẹfọ̀n Lẹ́yìn Òjò sí i.

Jọ̀ọ́, fi ọgbọ̀n ríńgìtì ránṣẹ́ kí n ra ọ̀dà funfun, kí n lè tún un ṣe kó o tó dé. Má fi í sórí fóònù o, fóònù mi ní òun ti kún, kò ní í ráyè gbà á.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọwọ́ rẹ. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé kó o má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, kó o tètè wọ bọ́ọ̀sì máa bọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jusoh