Ẹyẹ Funfun Tí Ìyá Rẹ Rí Lójú Fèrèsé

Hietaperä,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Èrèlé.

Raili ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o jí? Ṣé òtútù Helsinki kò jẹ ọ́ létí? Ọlọ́run tó ń bo koríko mọ́lẹ̀ lábẹ́ yìnyín kó má baà kú, kó bo ìwọ náà, kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ lójú títì, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ máa rí ọ kó máa rẹ́rìn-ín. Àmín. Ara tèmi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó máa ń sọ fún mi bí yìnyín bá fẹ́ já. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n má sọ̀rọ̀ òun nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Òun ni gbogbo ìròyìn ilé.

O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ sáúnà ní oṣù kẹwàá, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ojú fèrèsé ilé ìdáná ló ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́. Dókítà ní egungun ti jinná, kó máa rìn. Ìyá rẹ ní kí dókítà ó máa rìn. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun gbé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wá fún un, ó sọ ọ́ di ibi tó ń sá aṣọ ìnuwọ́ sí. Ohun tí agbára mi ká ni mo ṣe: mo kan pátákó kan mọ́ òpó níwájú fèrèsé, mo ń da hóró òdòdó oòrùn sí i, mo sì so ọ̀rá màlúù mọ́ ẹ̀ka igi ápù, kó lè rí nǹkan mìíràn wò yàtọ̀ sí ojú mi.

Ọmọ mi, àwọn ẹyẹ náà wá, wọ́n sì mú ará ilé wọn dání. Àwọn onítáì wà níbẹ̀, àwọn tó so táì dúdú sórí ẹ̀wù àwọ̀ ìyeyè bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Àwọn onífìlà búlúù wà níbẹ̀, wọn kò tóbi tó ìkúùkù ọmọdé, ṣùgbọ́n ìjà ni iṣẹ́ wọn. Aláyà pupa náà ń wá, ó sanra bí àlùfáà wa, kì í kánjú, yóò jókòó sáàárín oúnjẹ kí gbogbo wọn máa yí i po. Àkókó sì ń gbá ọ̀rá màlúù lórí bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ìyá rẹ mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ èyí tó yarọ, ó mọ èyí tó ń jalè.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé. Mo ṣe bí o ti wí, mo gbé e síta kó gbọ́ ohùn ẹyẹ kó sọ orúkọ wọn. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ ẹyẹ gidi gan-an. Mo kí i káàárọ̀, kò dáhùn, mo gbà pé ó ń tẹ́tí ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù wà lórí tábìlì, ìyá rẹ sùn lọ lórí àga, ó ń hanrun, ni ẹni náà bá kọ ọ́ gàdàgbà pé òwìwí ńlá ni òun gbọ́. Mo ṣìṣe, mo kà á sókè. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́. Jọ̀wọ́, bá mi sọ fún ẹni náà kó máa wojú kó tó sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ìyá rẹ pariwo pè mí, ó ní Bàbá Raili, sáré wá, ẹyẹ kan nìyí tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Kí n tó rí awò ojú mi, ẹyẹ ti lọ. Ó ní ó funfun bí wàrà láti orí dé ikùn, ìyẹ́ rẹ̀ búlúù, ìlà búlúù kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá bí ẹni tó le tìróò kọjá ààlà. Mo ní onífìlà búlúù ni, bóyá yìnyín ló bò ó lórí. Ó ní ṣé òun kò mọ yìnyín ni. Mo tú ìwé ẹyẹ bàbá mi, kò sí níbẹ̀. Fóònù náà kò sọ nǹkan kan, torí ẹyẹ náà kò lanu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ìgbà tí Ensio aládùúgbò wa wá mu kọfí, tí ìyá rẹ sì sọ fún un. Ensio rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé kì í ṣe orí ni Ìyá Raili fi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí gbogbo wa rò pé ìbàdí ni. Ó yẹ kí n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. N kò gbà á. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, Ọlọ́run dárí jì mí. Ìyá rẹ yí àga rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti bá a gbé, bó bá pariwo mo mọ ohun tí n ó ṣe, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn bà mí lẹ́rù. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, kò dárúkọ ẹyẹ kankan.

Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù àwọn ẹgbẹ́ tó ń ka ẹyẹ dé. Wọ́n ní kí a jókòó fún wákàtí kan, kí a kọ iye ẹyẹ tí a bá rí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n béèrè àdírẹ́sì, mo kọ ọ́ pé wọn kò ní, inú igi ni wọ́n ń sùn. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí, mo kọ ọ́ pé wọn kò sọ fún wa. Ní ti iye, mo fẹ́ ka ẹyẹ ìyá rẹ mọ́ onífìlà búlúù mẹ́fà kí n kọ méje, ìgbà náà ni ó lanu, ó ní bí mo bá kọ méje, irọ́ ni mo pa fún ìlú, mẹ́fà ni wọ́n, ìkeje ni ẹyẹ funfun. Mo wo ojú rẹ̀. Mo wá kọ ọ́ pé: ẹyẹ funfun, ọ̀kan, ìyàwó mi ló rí i, èmi kò rí i, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo sì fi ránṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, mo wà lẹ́yìn ilé, mò ń la igi ìdáná, ni mo gbọ́ ariwo bíi pé ilé ń wó. Mo ju àáké sílẹ̀, mo sáré yípo. Ìyá rẹ ni mo bá níta! Yìnyín mù ún dé orúnkún, ó mú ìdérí ìkòkò méjì, ó ń fi wọ́n lu ara wọn, ó ń ṣépè. Ológbò Ensio, èyí tó pupa tó sì tóbi bí ìrọ̀rí, ló ti rá pálá dé ìdí òpó, ẹyẹ funfun náà sì wà lórí pátákó, oúnjẹ ti mú un gbàgbé ara rẹ̀. Ológbò fò, ó sá lọ. Ensio jáde sí wa, ó ń bínú, ó ní ta ló ń dẹ́rù ba ẹran òun. Kó tó sọ ọ́ tán, ẹyẹ náà bà sórí ẹ̀ka ápù, níwájú imú rẹ̀ báyìí. Ensio la ẹnu, kò rántí pa á dé. Èmi náà rí i. Funfun, búlúù, tìróò, gẹ́gẹ́ bó ti wí gẹ́lẹ́.

Ensio bọ́ fìlà rẹ̀ nínú òtútù yẹn, ó ní Ìyá Raili, ẹ dárí jì mí, ẹnu mi ló ṣáájú ojú mi. Ìyá rẹ ní ó ti ń ṣáájú láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó lọ so agogo mọ́ ológbò rẹ̀ lọ́rùn. Ìgbà náà ni mo wẹ̀yìn, mo rí ipa ẹsẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi, ẹsẹ̀ méjì péré, kò sí ipa ọ̀pá níbẹ̀. Mo ní Helvi, o rìn. Ó wo ilẹ̀, ó ní ta ni ì bá bá òun rìn ín, ṣé èmi tí mo wà lẹ́yìn ilé ni? Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, èmi náà sì ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ka ẹyẹ pè wá lọ́jọ́ kejì, nígbà tó sì fi máa di àárọ̀ Sátidé, òun fúnra rẹ̀ ti dé, ó gbé awò gígùn kan lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Mo rò pé ìbọn ni, mo fẹ́ lé e. Ó yọjú wò, ó sì dì mọ́ ìyá rẹ. Ó ní láti ìlà oòrùn ni ẹyẹ náà ti wá, lẹ́yìn ààlà, pé ènìyàn lè fi ogún ọdún wá a kó má rí i. Orúkọ tó pè é gùn ju ìrù rẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún àwọn aṣọ́ààlà, torí ẹyẹ ọmọlúàbí ni. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ̀ mọ́kànlá ló wà lójú ọ̀nà wa, ìyá rẹ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń fi ìka tọ́ka, ó ń bá àwọn ọ̀mọ̀wé wí pé kí wọ́n má mí kíkan. A se kọfí títí ó fi tán. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé Helvi Karppinen ló kọ́kọ́ rí i, ó sì ní kí n kà á fún òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní báyìí, ẹ̀bẹ̀ mi. Bí ọwọ́ rẹ bá tó o, fi ọgọ́rùn-ún yúrò ránṣẹ́. Hóró oúnjẹ ẹyẹ ti fẹ́ tán, ṣùgbọ́n bàtà ìgbà òtútù fún ìyá rẹ ni mo fẹ́ fi èyí tó pọ̀ jù rà. Ní àràárọ̀ ló ń ki ẹsẹ̀ bọ tèmi lọ síta, èmi a wá jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, n óò máa dúró dè é. Fi owó náà rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní báńkì abúlé wa ti kó wọ inú fóònù, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí àyè ibi tí wọ́n lè kó owó sí.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ. Oúnjẹ kò ní wọ́n lórí tábìlì rẹ, iná kò ní kú nínú ilé rẹ. Bó bá sì di ọjọ́ tí o rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, kí Ọlọ́run fi ẹni tí yóò gbà ọ́ gbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, kí ẹni náà sì yára jù mí lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tauno.